Ẹ Má Sọ Iṣẹ́ Wa Di Ọ̀fẹ́ Mọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Gíwá, Àwọn Ọ̀gá Ilé Ìkàwé àti Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin Gíwá yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé àti ilé ìtẹ̀wé wọn, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka èdè, ìtàn àti àṣà,

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni mí nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, abẹ́ ọwọ́ yín ni mo sì ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta, tí n kò mú un wá sí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni nínú yín, ni pé ohun tó ń dùn wá kì í ṣe ti yunifásítì kan ṣoṣo, a sì ti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì títí láìrí ẹni tó dá wa lóhùn.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n lẹ ìkéde kan mọ́ pátákó ẹ̀ka kan, tí wọ́n sì tún fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Wọ́n ń wá àwọn tó ń kàwé fún oyè ìjìnlẹ̀ kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé sórí ayélujára. Ẹni tí wọ́n ń wá gbọ́dọ̀ mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀ láìṣì í, ó gbọ́dọ̀ lè ka àkọtọ́ ayé àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀, òun ni yóò sì máa ra dátà fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara-ẹni ni, àti pé ẹni tó bá ṣe é dé òpin yóò gba ìwé ẹ̀rí. Wọn kò dárúkọ owó. Wọn kò sọ bóyá orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ yóò hàn lára ohun tó bá jáde.

N kò ní dárúkọ ẹ̀ka náà, nítorí pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò rí. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní digital humanities, ìyẹn kí a máa fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí àti ìtẹ̀jáde èdè, lítíréṣọ̀, ìtàn àti àṣà, ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wa. Yunifásítì Èkó ti ní ibùdó tirẹ̀ fún un. Ilé ìkàwé púpọ̀ ti ra ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé. Ohun tí kò tíì sí ni ipò iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ wọn ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ.

1. Iṣẹ́ onímọ̀ ni iṣẹ́ yìí.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn dúró lé. Nígbà tí a bá ní kí wọ́n sanwó fún wa, ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé títẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà lásán ni, pé ọmọ kékeré tó ní fóònù lè ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ojú ìwé kan ṣoṣo wò.

Ká ní ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni, nígbà tí D. A. Ọbasá ń gbé The Yoruba News jáde ní Ìbàdàn láti ọdún 1924, tí I. B. Thomas sì bẹ̀rẹ̀ Àkéde Èkó ní 1928. Bébà náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ń rún, yíǹkì ojú ẹ̀yìn sì ti yọ sí ojú iwájú. Lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán rẹ̀, a ó gbé e fún ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán di ọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè Yúróòpù ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí. Ó máa ń ka ìlà òpó kìíní mọ́ ìlà òpó kejì, tí ìròyìn ikú olóyè kan á fi wọnú ìpolówó ọṣẹ. Ó ń sọ ẹ di e, ó ń sọ ọ di o, nígbà mìíràn ó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà 9. Ṣ á di s tàbí àmì owó dọ́là, gb á sì di qb. Àmì ohùn tó bá wà níbẹ̀ á fò lọ, àbààwọ́n ara bébà á wá jókòó sí àyè àmì ohùn. Ẹni tó bá jókòó ti irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wo àwòrán, ó ń wo ọ̀rọ̀, ó tún ń padà wo àwòrán, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ pinnu lé lórí. Ojú ìwé kan ṣoṣo lè gba ọ̀sán gbáko lọ́wọ́ rẹ̀.

Àkọtọ́ ńkọ́? Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ti wà ṣáájú ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, bẹ́ẹ̀ àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni a fi kọ́ àwa ní ilé-ìwé. Ẹni tó ń tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbé jáde gbọ́dọ̀ pinnu bóyá òun yóò fi aiye àti enia sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ wọ́n, tàbí òun yóò sọ wọ́n di ayé àti ènìyàn, tàbí òun yóò gbé méjèèjì kalẹ̀ kí òǹkàwé yan èyí tó bá fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí àṣìṣe jẹ́ ti atẹ̀wé, kí ó sì mọ ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka-èdè ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá fi àmì ohùn sí gbólóhùn tí kò ní in tẹ́lẹ̀, ó ti yan ọ̀nà kan tí a ó máa gbà ka gbólóhùn náà, ó sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀nà tó kù. Iṣẹ́ olóòtú nìyẹn, ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń gba ìgbéga sì ni.

Apá tí ojú kì í rí tún wà. Nínú ìlànà Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé ń lò, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ tó ru àmì ohùn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ńṣe ni a ń so nǹkan méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí ó tó hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ, kí ó wá gbé àmì ohùn lé e. Òmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí é, kí ó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òǹkàwé á tẹ ọ̀rọ̀ tó ń wá sínú àpótí ìwákiri, ìkànnì á dá a lóhùn pé kò sí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kún ojú ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn fáìlì tí àwọn olùkọ́ wa fi fọ́ńtì àdáni tẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí a bá ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ńtì náà, ọ̀rọ̀ á di àmì lóríṣiríṣi tí kò ṣeé kà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń tún wọn ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá fi ìlànà TEI (Text Encoding Initiative), tí àwọn onímọ̀ ti jọ ń kọ́ láti ọdún 1987, sàmì sí ohun tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́: orúkọ ènìyàn nìyí, orúkọ ìlú nìyí, ọjọ́ nìyí, ewì nìyí, ìpolówó ọjà nìyí. Ẹni tí kò lè ya oríkì sọ́tọ̀ láàárín ìtàn, tí kò mọ̀ pé orúkọ oyè ni òun ń kà tí kì í ṣe orúkọ àbísọ, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ni ìkéde yín ń wá. Ẹ kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ kékeré tó ní fóònù wá.

2. Àìsanwó ń lé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ kúrò nídìí rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2024 ni òfin sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ ní ọgbà yunifásítì ní ẹ̀tọ́ sí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba oyè méjì lórí èdè Yorùbá, tó ń ṣe iṣẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè yìí lójoojúmọ́, kò ní ẹ̀tọ́ sí kọ́bọ̀. Òun ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń san owó yàrá, òun ló ń ra dátà àti epo tó ń bu sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba pa láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ orí ayélujára kò dúró, nítorí pé ilé ni a ti ń ṣe é. Wọ́n ṣì ń fi ojú ìwé ránṣẹ́ sí wa kí a bá wọn tún un ṣe.

Ta ló lè fara da irú rẹ̀? Ẹni tí òbí rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí ni. Ẹni tó ti ìgbèríko wá, tó gbọ́ èdè àdúgbò rẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà, ni yóò kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó lè lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Òkè Ògùn ló sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ti sàmì sí gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe atẹ̀wé kì í ṣe àṣìṣe, pé wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní ìlú wọn títí dòní. Ó jókòó, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù níṣojú wa, ìyá náà sì lò ó nínú gbólóhùn mẹ́ta láìmọ ìdí tí a fi ń béèrè. A padà sẹ́yìn, a tún gbogbo ibi tí a ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ṣe. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti kúrò. Ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta ohun èlò iná ló ń bá jókòó báyìí, owó oṣù wà níbẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ìkànnì tó fi sílẹ̀ kò mọ ohun tó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìwé tí a kò tíì kàn ṣì pọ̀, ó sì dá mi lójú pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wà nínú wọn tí a ó pa rẹ́ nítorí pé kò sí ọmọ Òkè Ògùn láàárín wa mọ́.

3. Orúkọ wa kì í hàn.

Iṣẹ́ kan wà tí mo bá wọn ṣe tọkàntọkàn. Nígbà tí ìkànnì náà jáde, wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n ya fọ́tò, ojú ìwé tó ń sọ nípa àwọn tó dá a sílẹ̀ sì kún fún orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n, orúkọ ọ̀gá ilé ìkàwé, àti orúkọ ẹni tó ṣe àwòrán ìkànnì. Gbólóhùn kan ló kan àwa: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa". Àwa tí a ka gbogbo ojú ìwé náà lẹ́tà lẹ́tà kò ní orúkọ.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́, ohun tó tẹ̀ jáde ni wọn yóò béèrè. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, kò ní ohun tí yóò gbé kalẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ṣòro. Láti ọdún 2014 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní CRediT ti wà, tó pín iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe nínú ìwádìí sí oríṣi 14, tí títọ́jú dátà ìwádìí, kíkọ ètò kọ̀ǹpútà àti àyẹ̀wò wà lára wọn, kí olúkúlùkù lè hàn pẹ̀lú ohun tó ṣe gan-an. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà ORCID tí onímọ̀ fi ń so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ orúkọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ìrọ̀lẹ́ kan ti pọ̀ jù fún un.

4. Àwọn mìíràn ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa.

Ní ọdún 2011, níbi ìpàdé kan ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìmọ̀ yìí kọ ìwé ẹ̀tọ́ àwọn alábàáṣiṣẹ́, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé gbogbo ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ níbẹ̀, yálà ọ̀jọ̀gbọ́n ni tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ní 2015, wọ́n kọ irú ìwé ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní UCLA, ìyẹn Yunifásítì California ní Los Angeles. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ bíi yíya àwòrán ìwé àti títẹ dátà láìgbowó, bí wọn kò bá fún un láyè láti pinnu bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí, kí wọ́n sanwó àkókò rẹ̀ fún un, máàkì kíláàsì kò sì tó láti fi dípò owó. Jọ́nà Digital Humanities Quarterly, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ní akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga lára àwọn olóòtú tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ní Yunifásítì Emory, akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ olóòtú Southern Spaces, jọ́nà orí ayélujára tó ti wà láti 2004. Ìdí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú jọ́nà.

N kò sọ pé òkè òkun ni Párádísè. Owó ìrànwọ́ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn gbára lé, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fagi lé ọ̀pọ̀ owó tí NEH, àjọ ìjọba wọn tó ń fi owó ran ìwádìí èdè, ìtàn àti àṣà lọ́wọ́, ti fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ipò bẹ́ẹ̀ ló bá a lọ. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára kọlu British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ọ̀pọ̀ oṣù ni a kò sì rí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti gbé sórí ìkànnì kà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú méjèèjì ni pé a kò lè fi ìwé àwọn baba wa sí ọwọ́ ẹlòmíràn nìkan, kí a sì máa retí owó ẹlòmíràn láti fi tọ́jú wọn.

Iṣẹ́ tó ń dúró dè wá pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Lórí SlaveVoyages, ìkànnì tó ń kó àkọsílẹ̀ òwò ẹrú jọ, orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà níbẹ̀, ó lé ní 91,000, bí àwọn akọ̀wé ilé-ẹjọ́ Freetown ní Sẹ̀rà Líónì àti Havana ní Kúbà ṣe gbọ́ wọn lẹ́nu wọn tí wọ́n sì fi lẹ́tà òyìnbó kọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ orúkọ Yorùbá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gba Ajàyí Crowther sílẹ̀ ní 1822, Freetown kan náà ni wọ́n sì gbé e lọ. Láti mọ ohun tí akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Sípéènì gbọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan ń pe orúkọ rẹ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àbísọ, orúkọ àmútọ̀runwá, oríkì, àti bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń pè wọ́n. Ibi tí àwọn tó mọ ìyẹn ti ń kàwé ni Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Ìlọrin, Adó-Èkìtì àti Àgọ́-Ìwòyè. Kò sí ìdí tí yunifásítì wa kò fi lè ní ipò iṣẹ́ fún wọn.

5. Àwáwí pé kò sí owó, àti pé ẹ̀kọ́ ni owó wa.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀ka kan bá gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì, tí ó sì san 70,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, 1,680,000 náírà ni lọ́dún kan. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ó fi ṣe jọ́nà kò ní gba owó: ọ̀fẹ́ ni Open Journal Systems tí Public Knowledge Project ń ṣe ní Kánádà, ọ̀pọ̀ jọ́nà Áfíríkà ló sì ń lò ó. Ọ̀fẹ́ ni ìlànà TEI. Ohun tó ń gbówó nínú iṣẹ́ yìí ni ènìyàn, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀yin kò fẹ́ san. Nígbà tí ẹ bá kọ̀wé béèrè owó ìwádìí lọ́wọ́ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé-ìwé gíga lọ́wọ́, ẹ máa ń fi owó ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ àti owó ìpàdé síbẹ̀. Ẹ fi owó akẹ́kọ̀ọ́ náà síbẹ̀. Atúmọ̀ orúkọ Yorùbá orí ayélujára tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ìta yunifásítì ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó tí àwọn ènìyàn dá jọ. Bí ẹni tí kò ní Sẹ́nétì yunifásítì, tí kò ní ilé ìkàwé, bá lè rí owó, a lè rí i.

Ní ti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní à ń kọ́, òótọ́ ni pé ènìyàn ń kọ́ nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ohunkóhun. Wọ́n fún wa ní ọ̀rọ̀ aṣínà (password) àti fáìlì, wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa Unicode, ẹlẹgbẹ́ mi ló kọ́ mi, òun náà sì fi dátà ara rẹ̀ kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹ̀kọ́ ní owó, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn ìwé náà àti àkọtọ́ rẹ̀, àwa la mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì jókòó tì wá rí.

6. Ohun tí a ń béèrè.

Èkíní, kí Sẹ́nétì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ipò iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga nínú ìtẹ̀jáde orí ayélujára, kí ipò náà wà ní ilé ìtẹ̀wé tàbí ilé ìkàwé yunifásítì, kí ó má jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kí ipò má baà bá ọ̀jọ̀gbọ́n lọ nígbà tó bá fẹ̀yìn tì. Kí owó oṣù rẹ̀ má sì kéré sí iye tí òfin sọ.

Èkejì, kí ìwé àdéhùn wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó sọ wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ àti ẹni tí yóò pèsè dátà àti kọ̀ǹpútà, kí ó sọ bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe hàn, kí ó sì sọ bóyá ó lè lo ohun tó ṣe nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tirẹ̀. Ìjà púpọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lórí kókó tó gbẹ̀yìn yìí, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tọrọ àyè láti tọ́ka sí dátà tí òun fúnra rẹ̀ tò.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ìkànnì àti jọ́nà tó ti jáde láti ọwọ́ yunifásítì yín padà lọ fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣiṣẹ́ lórí wọn sí i, àti irú iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe. Àwọn tí wọ́n ti jáde ńkọ́? Ẹ wá wọn. Nọ́ńbà fóònù wọn wà lọ́wọ́ àwọn olórí ẹ̀ka.

Ẹ̀kẹrin, kí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì kọ́ ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ti tó fún Unicode, TEI, ètò jọ́nà àti bí a ṣe ń ṣe àpèjúwe ìwé fún ilé ìkàwé, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà níbẹ̀ láti kọ́ni. Bí kò bá sí láàárín yín, ẹ gba àwa tí a ti ń ṣe é síṣẹ́ olùkọ́, kí ẹ sì sanwó rẹ̀.

Títí tí èyí yóò fi ṣẹlẹ̀, mo ń rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìkéde kankan tó bá ní oṣù mẹ́fà láìní owó. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ẹ tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ojú ìwé tí ẹ ṣe àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, nítorí pé òun ni ẹ ó fi béèrè orúkọ yín lọ́la.

Ẹ̀yin àgbà wa, ìdáhùn tí a ń fẹ́ ni ìdáhùn tí yóò wà ní kíkọ, tí yóò wà lórí ìkànnì yunifásítì kọ̀ọ̀kan, kí fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé sí oyè gíga ti sáà tó ń bọ̀ tó jáde. Kí ẹni tó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà fún òun níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ̀ka tí ìkéde rẹ̀ mú mi kọ lẹ́tà yìí ṣì ní àkókò láti fà á padà, kí ó sì tún un kọ pẹ̀lú iye owó nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ ẹni mẹ́rin tí yóò dáhùn lọ́jọ́ kan náà, ọmọ Òkè Ògùn yẹn sì wà lára wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá